Lẹ́tà sí Àbíkẹ́ ní Houston

Ìbàdàn,
10 oṣù Ògún, 2025.

Àbíkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Gbogbo ilé níbí ń kí yín o, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa fi mí rẹ́rìn-ín, pé kí ló kó Àdùkẹ́ sí bírò àti bébà nígbà tí WhatsApp wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Láti ìgbà tí Bàbá Ṣadé ti fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tá a sọ nínú ilé yìí tí etí rẹ̀ ò ní bá a débẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀rọ̀ ọ̀hún dá lé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo fi rán, òun ni yóò mú un wá pẹ̀lú èlùbọ́ tó o ní kí n bá ọ wá.

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú ewu ná. Lọ́jọ́ tí ìròyìn jáde lóṣù tó kọjá pé odò Guadalupe ní Texas kún àkúnya, ọkàn mi ò balẹ̀ títí o fi gbé fóònù. O ní Houston jìnnà síbẹ̀, pé ọ̀nà ẹ̀ ju Ìbàdàn sí Ìlọrin lọ fíìfíì. Kí lèmi mọ̀? Texas ni wọ́n pè, Texas lo sì wà. Èèyàn tó lé ní 130 ló bá omi yẹn lọ, àwọn ọmọdébìnrin tó wà ní ibùdó ìsinmi létí odò sì wà nínú wọn. Mo gbọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń bi ìjọba pé kí ló dé tí kò sí fèrè tí yóò ta wọ́n jí lóru. Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ gbọ́, àní Amẹ́ríkà!" Ó ní, "O ò rí i bí? Kò síbi tí omi kì í dé. Kí ni kí n wá sá lọ síbòmíràn ṣe?" Irú ọkọ tí mo ní nìyẹn. Ohun tí mo bá fi bá a jà ló máa fi lù mí.

Ti Mokwa ló ṣáájú ìyẹn. Ìwọ tó o ti kúrò nílé tipẹ́ lè má mọ Mokwa, ṣùgbọ́n àwa tá à ń ta oúnjẹ ní Bódìjà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ní ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lókè Ọya, níbi tí àwọn tó ń kó ẹ̀wà àti àgbàdo bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa ti ń pàdé àwọn àgbẹ̀. Òjò tó rọ̀ mọ́jú 29 oṣù Èbìbí gbá èèyàn tó lé ní 200 lọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọn ò sì rí òkú wọn sin. Wọ́n ní òkìtì ojú irin rélùwéè ló sé omi náà mọ́, ìgbà tó já, kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀wà wá fún wa dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ń ka àpò sílẹ̀ fún mi, ó ń sọ pé ilé ẹ̀gbọ́n òun ò sí mọ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kò gbójú sókè. Ó ka àpò náà tán, ó tún un kà.

Gbogbo ọjà ló ń wí pé àmúwá Ọlọ́run ni. Àbíkẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Òjò ni ti Ọlọ́run. Ta ló sọ gọ́tà di ààtàn? Ta ló ta etí odò fún ẹni tó ń wá ilé kọ́? Àwọn yẹn lórúkọ, wọ́n ń jí lójoojúmọ́, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́.

Ìwọ náà kúkú mọ Ìbàdàn wa. Ọmọ iléèwé ni wá lọ́dún 1980 nígbà tí Ògùnpa gba ìgboro, ọjọ́ Sunday, 31 oṣù Ògún. Àwọn tó kú lé ní 200. O rántí pé nígbà tí a wọlé táàmù tuntun, àga àwọn kan ṣófo ní kíláàsì wa, àwọn tíṣà sì ní ká má béèrè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi kọnkéré tẹ́ odò náà, tí a rò pé ó tán. Àfi ìgbà tó di 26 oṣù Ògún, 2011, ọjọ́ Friday, tí Ògùnpa, Ọ̀nà, Kúdẹtì àti Ògbèrè jọ kún lẹ́ẹ̀kan náà. Adágún Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Apẹtẹ wó, ó lé ní 100 èèyàn tó kú. Bàbá Ṣadé ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò pé òjò ọjọ́ náà lé ní 180 mílímítà láàárín wákàtí díẹ̀. O ò gbàgbé pé jọ́gíráfì ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó máa ń ya àwòrán odò sára bọ́ọ̀dù, yóò ya ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní, "Ilẹ̀ yìí, odò ló ni ín, ó kàn yá wa ni." Òun náà ló wá kọ́lé sórí rẹ̀.

Mi ò tíì sọ bí alẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe rí fún ọ tán. Àpò ẹ̀wà mi wà ní pálọ̀, gbogbo owó tí mo fi ń tajà ni, títí kan èyí tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Omi gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Bàbá Ṣadé ò wo ọ̀nà yàrá rẹ̀ rárá. Ó ń gbé àpò sórí tábìlì, ó ń gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó ń gbé. Sátífíkéètì rẹ̀, ìwé tó fi ń kọ́ni, fọ́tò ìgbéyàwó wa, gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó sì mọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tá a ṣí àpótí, ìwé ẹ̀rí NCE rẹ̀ ń já sí wa lọ́wọ́. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ tí omi bá, ẹ̀wà inú wọn wú títí ó fi fa àpò ya, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń hù. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé sókè yè, òun ni mo fi tún ọjà ṣe.

Kò sọ ọ́ rí pé torí ẹ̀wà mi ni ìwé òun fi bá omi lọ. Nígbà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì tí wọ́n ní kó mú sátífíkéètì wá, ó ń lọ kóòtù lọ gba ìwé ìbúra, ó ń náwó, ó ń wọkọ̀ kiri, kò sọ fún mi. Ṣadé ló tú àṣírí rẹ̀.

O rántí àwọn lẹ́tà tó o máa ń bá a gbé wá fún mi? Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tá a máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú díkíṣọ́nárì. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yẹn, mi ò rántí ẹyọ kan mọ́. Ti àpò ẹ̀wà ni mo rántí.

Nítorí náà, tí mo bá ní ọkùnrin yìí ń da ọkàn mi rú, mọ̀ pé mi ò sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọyì rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa X gàdàgbà sára fẹ́ǹsì wa àti ti àwọn aládùúgbò. Wọ́n ní a ti wọ ilẹ̀ odò. Bàbá Ṣadé sáré lọ kó ìwé ilé tó wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ wá: rìsíìtì àwọn ọmọ onílẹ̀, ìwé sọ̀fíyọ̀, pílánì tí wọ́n buwọ́ lù tí wọ́n sì lù ní òǹtẹ̀. Ọ̀gá wọn wo òǹtẹ̀ náà títí, ó ní ẹni tó buwọ́ lù ú ti fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Inú bí mi, mo bú wọn dé ìsọ̀ mi. Síbẹ̀ kí n má purọ́ fún ọ, odò ò mọ òǹtẹ̀. Ìlà omi ọdún 2011 ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wa, ó ga tó súìṣì iná. A kùn ún lọ́dà, ó tún yọ.

Ká wá ní a fẹ́ kó kúrò, kí la ó fi kọ́ òmíràn? Láti 29 oṣù Èbìbí, 2023, tí Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà epo tá à ń rà tí kò tó 200 náírà ti lé ní 800. Àpò sìmẹ́ńtì kan sún mọ́ 10,000. Owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n sọ di 70,000 lọ́dún tó kọjá, àpò méje ló lè rà, kí ẹni náà má sì jẹun. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà, ìwọ náà ṣírò rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Lọ́dún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn yìí, mo sì ń gba orí afárá tuntun kọjá, mo rí gọ́tà ńláńlá. Àmọ́ gbèsè ni o, dọ́là sì la ó fi san án. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, dọ́là kan ò tó 170 náírà, lónìí ó lé ní 1,500. Wá wo ohun tí ojú mi ń rí bí mo bá ń bọ̀ láti ọjà tí òjò ṣú: wàá rí ìyàwó ilé, wàá rí ọmọléèwé, kálukú pẹ̀lú báàgì ìdọ̀tí lọ́wọ́, wọ́n dúró létí gọ́tà tá a yá owó gbẹ́, wọ́n ń retí òjò kó wá bá wọn gbá a lọ. Ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ń gbá a bọ̀. Àwọn olóṣèlú ní tiwọn, 2027 ni wọ́n ń lé.

Bàbá Ṣadé ní òun ti ṣírò. Omi wá ní 1980, ó wá ní 2011, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èyí tó kàn di 2042, òun ò ní sí láyé. Mo ní 1960 tí bàbá mi máa ń sọ ńkọ́? 1963 ńkọ́? 1978 tí àwa méjèèjì fojú rí ńkọ́? Ó ní ìyẹn ò kan ibi tá a wà. Tíṣà jọ́gíráfì! Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ fún omi. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń tu koríko ibẹ̀. Mi ò lè bá sàréè jà, Àbíkẹ́.

Mo ti gba yàrá méjì ní Mọ́níyà, nítòsí Ṣadé, ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Mo ti kó púpọ̀ nínú ẹ̀wà mi lọ síbẹ̀. Mi ò ní kó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Kó kàn máa lọ sùn ní Mọ́níyà títí òjò yóò fi tán ni, ìsinmi òjò la wà yìí, yóò padà dé. Ó lè máa lọ tu koríko rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ó ní kí n máa lọ, òun á máa ṣọ́lé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn ní Mọ́níyà lóru tí òjò ń rọ̀, kí òun wà létí odò? Mo ti dán an wò, mo padà wá bá a.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Wọ́n ní bí ìyàwó bá mọjú ọkọ, alárinà a yẹ̀bá. Ìwọ yẹ̀bá, o yẹ̀ dé Amẹ́ríkà! Ó dáa, wá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ni Bàbá Ṣadé kì í já gbà mọ́ ọ lẹ́nu. Pè é. Má dá ọ̀rọ̀ sàréè sílẹ̀, má dárúkọ Mọ́níyà. Sọ ti ìjì Harvey tó mú omi bo Houston lọ́dún 2017 fún un, bí ọkọ rẹ ṣe ní òun ò kúrò nílé títí ọkọ̀ ojú omi fi wá gbé yín ní ojú fèrèsé, àti bí ẹ ṣe ń ya ògiri dànù nítorí èbu. Lẹ́yìn náà kó o wá bi í léèrè, bí ẹni tí kò yé, pé kí ló dé tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ní adágún Addicks àti Barker fi wọ ilé àwọn tí omi ò tíì bá. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Jẹ́ kó ṣàlàyé, má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá dé ibi ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kó o wá ní, "Tíṣà, ilẹ̀ ta ni ìyẹn?" Kó o dákẹ́.

Ọjọ́ Sunday ló dáa jù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa, mẹ́wàá àárọ̀ tiyín, kó o tó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti jẹun nígbà yẹn, kò sì tíì sùn. Tó bá ní ta ló rán ọ, sọ pé alárinà kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá rán an.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àdùkẹ́.

Mo fẹ́ gbàgbé: èlùbọ́ náà, ìdì méjì ni. Èyí tó dúdú ni kó o kọ́kọ́ jẹ.