Ìdí tí kóró átọ́ọ̀mù kan fi ń dúró, tí òmíràn ò fi lè dúró

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní bí gbogbo pírótọ́ọ̀nù inú kóró, ìyẹn àárín átọ́ọ̀mù, bá gbé iná pọ́sítífù, tí wọ́n sì ń lé ara wọn, kí ló dé tí òjé kò tú ká lórí tábìlì? Ìbéèrè gidi nìyẹn, má tọrọ àforíjì mọ́.

Ipá méjì ló ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ti iná ń lé pírótọ́ọ̀nù sẹ́yìn. Èkejì, tí àwọn onífísíìsì ń pè ní ipá líle, ń so pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù, tí kò gbé iná kankan, pọ̀ láìṣe ojúsàájú. Ipá líle lágbára ju ti iná lọ fíìfíì, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrú: tí àlàfo bá ti ju fẹ́mítò bíi mẹ́ta lọ, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. (Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni fẹ́mítò.) Ọwọ́ ti iná gùn ní tirẹ̀. Nínú kóró ńlá, àwọn tó wà nítòsí nìkan ló ń fa pírótọ́ọ̀nù kan mọ́ra, ṣùgbọ́n gbogbo pírótọ́ọ̀nù yòókù ló ń lé e. Niútírọ́ọ̀nù ló ń bá wọn dá sí i, torí pé ó ń fà, kì í lé. Ìdí nìyẹn tí niútírọ́ọ̀nù 6 fi tó pírótọ́ọ̀nù 6 nínú kábọ́ọ̀nù-12 (nọ́ńbà ẹ̀yìn orúkọ ni àpapọ̀ àwọn méjèèjì), tó sì jẹ́ pé 126 ni òjé-208 ń lò fún 82.

Wàá ní kí wọ́n kúkú da niútírọ́ọ̀nù sí i yàlàyàlà. Rárá o. Niútírọ́ọ̀nù tó bá dá wà, láàárín ìṣẹ́jú bíi 10, ìdajì wọn á ti di pírótọ́ọ̀nù. Inú kóró nìkan ló ti ń rí ìsinmi, ìyẹn bí wọn ò bá pọ̀ jù.

Mú bírò, ká ṣírò hílíọ̀mù-4. Pírótọ́ọ̀nù méjì, 1.007276 u ọ̀kọ̀ọ̀kan (u ni òṣùwọ̀n ìwúwo átọ́ọ̀mù). Niútírọ́ọ̀nù méjì, 1.008665 u ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ jẹ́ 4.031882. Ṣùgbọ́n bí a bá wọn kóró hílíọ̀mù fúnra rẹ̀, 4.001506 là ń rí. 0.030376 u ti lọ. Ó bá agbára jáde nígbà tí wọ́n so pọ̀. Sọ ọ́ di ìlọ́po 931.494, wàá rí 28.3 MeV, òṣùwọ̀n agbára inú kóró nìyẹn. Iye tó o gbọ́dọ̀ san nìyẹn kó o tó lè tú wọn ká; òun là ń pè ní agbára ìsopọ̀. Bó o bá rí 27.3, mo mọ ibi tó o ti ṣìnà: ìwúwo odindi átọ́ọ̀mù, 4.002603, lo mú nínú ìwé, o sì gbàgbé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kóró tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá le jù ló ń borí. Wo kábọ́ọ̀nù-14: ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105.3 MeV, ti náítírójìn-14 jẹ́ 104.7, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù náà ló ń di náítírójìn, ìdajì rẹ̀ láàárín 5,730 ọdún. Ìwúwo ló fà á. Átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù-14 jẹ́ 14.003242 u, ti náítírójìn-14 jẹ́ 14.003074. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: ǹjẹ́ ibi tó fúyẹ́ jù wà tí kóró yìí lè lọ? Bó bá wà, báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe le tó? Yùréníọ̀mù-238 ní ibi tó lè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà le débi pé ìdajì rẹ̀ ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún.

Pírótọ́ọ̀nù àti niútírọ́ọ̀nù tún fẹ́ràn láti máa jókòó ní méjì-méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan iná mànàmáná. Niútírọ́ọ̀nù 143 ló wà nínú yùréníọ̀mù-235, ọ̀kan ò ní ẹnìkejì. Bí niútírọ́ọ̀nù àlejò bá wọlé, ó di 144, agbára bíi 6.5 MeV jáde, ìyẹn sì tó láti la kóró náà sí méjì; lílà yẹn ni ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù ń lò. Ti 238 ní 146, wọ́n ti pé méjì-méjì. Àlejò mú bíi 4.8 péré wá, kò tó. Niútírọ́ọ̀nù tó rọra ń rìn kò lè la 238. Bẹ́ẹ̀ ìdá 0.72 nínú 100 péré ni 235 nínú yùréníọ̀mù tí a wà nílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù ṣe ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé nǹkan bíi 3 sí 5.

Àwọn iye pírótọ́ọ̀nù tàbí niútírọ́ọ̀nù kan wà tí ìjókòó ti máa ń kún pátápátá: 2, 8, 20, 28, 50, 82, 126. Nọ́ńbà idán ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn onífísíìsì Maria Goeppert Mayer àti Hans Jensen ló ṣàlàyé wọn ní 1949. Tíìnì, tó ní pírótọ́ọ̀nù 50, ní áísótóòpù (oríṣi tí iye niútírọ́ọ̀nù wọn yàtọ̀) 10 tó dúró. Tẹkiníṣíọ̀mù, tó ní 43, kò ní ẹyọ kan. Òjé-208 rẹ ní idán méjì lẹ́ẹ̀kan náà, 82 àti 126, ló ṣe jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì.

Iṣẹ́ rẹ rèé. Átọ́ọ̀mù bẹ̀rílíọ̀mù-8 jẹ́ 8.005305 u. Fi wé hílíọ̀mù-4 méjì, lo ìwúwo odindi átọ́ọ̀mù ní ìhà méjèèjì, kó o wá kọ̀wé sọ ohun tó o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ.