Olóòtú, ẹ dárúkọ Bebo Valdés náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtàn bàtá ní Kúbà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú mi dùn sí ohun tí ẹ kọ nípa àwọn ọmọ Àyàn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí wọ́n gbẹ́ igi ilẹ̀ àjèjì, tí wọ́n fi awọ bò ó, tí bàtá sì tún fọhùn ní Havana. Ẹ ṣàlàyé ìlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń pè ní iyá, itótele àti okónkolo dáadáa. Àmọ́ inú ilé òrìṣà ni ẹ gbé ìtàn náà wọ̀, ibẹ̀ náà lẹ sì tì í mọ́. Ẹni tó bá ka ojú ewé yẹn á rò pé bàtá kò fẹsẹ̀ kan gbàgede ijó ní Kúbà rí. Ó fẹsẹ̀ kàn án. Ọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù, tó ń ṣẹ̀dá orin, tó sì ń to orin fún báńdì ńlá ló mú un débẹ̀. Torí ọkùnrin yìí ni mo ṣe kọ̀wé sí yín.

Bebo Valdés ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1918 ní Quivicán, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Havana. Láti 1948 ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Tropicana, ilé fàájì tó lókìkí jù lọ ní Kúbà láyé ìgbà náà. Ó ń tẹ dùùrù fún akọrin Rita Montaner, ó sì ń to orin fún báńdì ilé náà tí Armando Romeu ń darí. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀.

Iṣẹ́ orin títò yìí ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀, torí òun lèmi náà ń ṣe jẹun. Kí báńdì tó kóra jọ rárá, olùtò orin á ti jókòó ti ìwé. Òun ló ń pinnu ibi tí fèrè tráńpẹ́ẹ̀tì á ti wọlé, ohùn tí sáksófóònù kejì àti ìkẹta á gbé sábẹ́ ti èkíní, àti ìgbà tí gbogbo onífèrè á pa ẹnu mọ́ kí onílù lè ráàyè. Onífèrè mẹ́wàá lè fẹ́ ohun kan náà kí ó dà bí ariwo ọjà. Olùtò orin ló ń pín in fún wọn tó fi ń di orin. Tí òde bá wá dùn, iwájú orí akọrin ni wọ́n ń lẹ owó mọ́. Ẹni tó kọ ìwé náà lè wà níbi dùùrù lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 1952, Bebo gbé ìlù orin tuntun kan jáde lórí rédíò ní Havana. Batanga ló pè é. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí mámbò, orin ijó Kúbà tó gbòde nígbà náà, ni pé ó fi ìlù bàtá sí àárín báńdì onífèrè ńlá, pẹ̀lú kóńgà, béèsì àti dùùrù. Benny Moré, akọrin tí gbogbo Kúbà ń wárí fún títí dòní, wà lára àwọn tó kọrin nínú báńdì náà.

Bóyá ó dà bí ohun kékeré létí ẹni tí kò bá ṣe é rí. Bàtá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ojú méjì ló ní, ojú òjò àti ṣáṣá. Ìyáàlù á pè, omele á dáhùn. Bí ó bá sì wu ìyáàlù, á yí ọ̀rọ̀ padà láàárín kan, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Onífèrè báńdì ńlá ní tirẹ̀, ìwé ló ń wò, ohun tó wà níbẹ̀ náà ló máa fẹ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ìlù òrìṣà ló jẹ́ pé mẹ́fà mẹ́fà là ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn oníjó mámbò ń lọ ní mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tó máa kó àwọn méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹ̀gbẹ́ kìíní àti ti ìkejì. Bí ó bá kọ fèrè púpọ̀ jù, yóò bo ohùn bàtá mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì kọ ọ́ níwọ̀nba jù, oníjó á padà sídìí tábìlì. Kò sí ìwé tó lè fi kọ́ ọ nígbà yẹn. Etí rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ẹ sì rántí irú ìlú tó ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rí jájẹ ní Havana ló ń fojú tín-ínrín ìlù àwọn aláwọ̀ dúdú. Kí ẹnì kan gbé e wá síwájú gbohùngbohùn rédíò pẹ̀lú báńdì tó múra dáadáa, ó gba àyà. (Kí àwọn àgbà wa tó ń ka èyí má bínú pé wọ́n gbé ohun mímọ́ lọ sóde ijó: ní Kúbà, aberikulá, ìlù tí kò ní Àyàn nínú, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìta bẹ́ẹ̀.)

Batanga kò pẹ́ lóde. Mámbò tí Pérez Prado, ọmọ Kúbà tó ń darí báńdì ní Mẹ́síkò, ń ṣe ti gba ìgboro, ó sì ti le ju kí ẹnikẹ́ni bì í lulẹ̀. Benny Moré náà lọ dá báńdì tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé Bebo gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1973, ọmọ rẹ̀, Chucho Valdés, tí òun náà jẹ́ atẹdùùrù àti olùtò orin, dá báńdì Irakere sílẹ̀. Nínú báńdì yẹn, bàtá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá oníná àti fèrè, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ojúgbà. Irakere gba Grammy ní 1980. Ọ̀nà tí bàbá là ní 1952 ni ọmọ gbà kọjá.

Lọ́dún 1952 yẹn kan náà, Norman Granz, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe àwo jáàsì, fẹ́ kí wọ́n gba eré jáàsì kan sílẹ̀ fún òun ní Havana, irú èyí tí olórin kọ̀ọ̀kan á máa da ohùn tirẹ̀ bó ṣe ń wá sí i lọ́kàn. Bebo ló kó àwọn olórin jọ, òun ló darí wọn. Nígbà tí àwo náà jáde, “Andre's All Stars” ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Orúkọ Bebo kọ́ nìyẹn. Ó ká mi lára gan-an nígbà tí mo kà á, ìdí sì nìyẹn tí ojú ewé yín ṣe dùn mí: orúkọ ọkùnrin yìí ti pẹ́ tó ti ń fò kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní 1960, lẹ́yìn tí ìjọba Fidel Castro ti gorí àlééfà, ó kúrò ní Kúbà lọ sí Mẹ́síkò. Chucho jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ni wọ́n bí òun náà, gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀, ó sì ti ń tẹ dùùrù nínú báńdì bàbá náà kí ọ̀nà tó pín. Láti Mẹ́síkò, Bebo gba Sípéènì kọjá. Ní 1963 ó dé Stockholm ní Swídìn, ó pàdé obìnrin kan níbẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó sì jókòó. Kò padà sí Kúbà mọ́. Ọdún 1978 ni òun àti Chucho tó fojú kan ara wọn, nígbà tí Irakere wá ṣeré ní Carnegie Hall ní New York.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó fi tẹ dùùrù fún àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì Stockholm. “Ẹni tí ayé gbàgbé” ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń pè é fún sáà yìí. Èmi tí mo ti tẹ dùùrù fún àwọn tó ń jẹun lọ mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Ó fi tọ́ ọmọ, ó fi san owó ilé, ìka rẹ̀ kò sì sinmi. Ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1994. Paquito D'Rivera, onífèrè tó ti wà nínú Irakere rí, pè é pé kó wá gba àwo sílẹ̀ ní Jámánì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ó mú bírò, ó kọ orin tuntun, ó to orin fún gbogbo báńdì, wọ́n sì ṣe *Bebo Rides Again*. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kú?

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣòro láti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Fíìmù *Calle 54* ti Fernando Trueba ṣe ní 2000 fi bàbá àti ọmọ jókòó sídìí dùùrù méjì. Ní 2003 ni *Lágrimas Negras* jáde, tí òun àti Diego El Cigala, akọrin fúlàméńkò, jọ ṣe. Ó tà kárí ayé. *Juntos para siempre*, tó jẹ́ ti òun àti Chucho nìkan, gba Grammy ní 2010. Ó kú ní Stockholm ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2013, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún.

Kí ló kàn wá níbí? Àwọn òbí wa jó mámbò àti chachachá ní Èkó àti Ìbàdàn nígbà tí háílàìfù wà lójú ọpọ́n, àwo Kúbà sì wà nínú ohun tí àwọn báńdì ìgbà náà ń kọ́. Alhaji Kollington Ayinla gbé bàtá wọ inú fújì. Nítorí náà, bàtá kò ṣàjèjì sí òde ijó nílé náà. Ohun tí kò sí tó ni àwọn tó ń jókòó kọ ìwé fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá pe onílù bàtá wá sí ìdánrawò báńdì onífèrè, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á ní kó máa lù ú bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ fèrè bo gbogbo ohun tó ń sọ. Ọmọ Àyàn láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun á gun mọ́tò wá láti òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu ìlù rẹ̀ tí ilẹ̀ fi máa ṣú. Àwọn olùtò orin ló lè tún èyí ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí, kí wọ́n tó fi fèrè dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ orin ní yunifásítì wa lè bẹ̀rẹ̀ lórí iṣẹ́ Bebo, kí wọ́n sì ṣe jù ú lọ, torí pé àwọn ló gbọ́ èdè tí bàtá ń sọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ kọ̀wé sábẹ́ ìtàn yẹn pé apá kejì ń bọ̀. Nínú apá kejì náà, ẹ dárúkọ Bebo Valdés àti ọdún 1952, ẹ sì bá àwọn onílù bàtá àti àwọn olùtò orin nílé sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bàtá àti fèrè bá pàdé. Fún àwọn òǹkàwé tó bá fẹ́ gbọ́ ọkùnrin náà kó tó dìgbà yẹn, *El Arte del Sabor* ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, èyí tí òun, Cachao tó ta béèsì àti Patato tó lu kóńgà jọ ṣe. Báńdì ńlá kò sí níbẹ̀, ìka rẹ̀ sì hàn kedere.

Èmi ni tiyín,
Atẹdùùrù kan láti Ìbàdàn