Igi tí kò kú nígbà ọ̀dá lè má so

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, ká bá àwọn tó fẹ́ gbin igi eléso sí ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ò pọ̀ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ló ń kó wọn sí gbèsè jù: "Igi yìí ò bẹ̀rù ọ̀dá." Ẹni tó ń ta ọ̀gbìn á sọ ọ́, ẹni tó ń rà á á gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí igi má kú nígbà ọ̀dá, ọ̀tọ̀ ni kó so èso tó ṣeé kó dé ọjà.

Ẹ wo dàbínù. Aṣálẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́, ooru kì í sì í dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ibi tí omi bá sún mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ń bomi rin ín dáadáa, ló ti ń so. Ẹni tó bá gbìn ín sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ní kànga lè rí igi, kó má rí èso. Igi ólífì náà ń fara da ọ̀dá gan-an, àmọ́ ibi tí kò bá sí ìgbà òtútù, àtiyọ òdòdó rẹ̀ máa ń ṣòro. Pistachio, igi kan tí wọ́n ń jẹ kóró èso rẹ̀, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí òtútù ló ń fẹ́ lọ́dún, akọ rẹ̀ sì dá wà lórí igi tirẹ̀, abo dá wà lórí tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bèèrè ni pé: oṣù wo ni èso ẹ̀yà yìí ń gbó, ṣé omi á ṣì kù nínú ilẹ̀ nígbà náà? Igi ber, igi eléso kan tí wọ́n ń gbìn ní Rajasthan, ìpínlẹ̀ gbígbẹ kan nílẹ̀ Íńdíà, fi èyí hàn kedere. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ Gola máa ń tètè gbó. Ọ̀rinrin tí òjò fi sílẹ̀ ló fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà míì tó ń jẹ́ Umran ń pẹ́ kó tó gbó. Bí kò bá sí omi tí ẹ máa bù sí i lẹ́yìn tí òjò bá ti lọ, èso rẹ̀ á kéré, púpọ̀ á sì rẹ̀ dànù. Fún ilẹ̀ tí kò ní omi mìíràn ju ti òjò lọ, Gola la máa yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tún bèèrè ìdí igi. Ọ̀pọ̀ igi eléso tó wà lọ́jà, igi méjì tí wọ́n so pọ̀ ni: òkè ló ń so èso, ìdí ló ni gbòǹgbò. Orúkọ òkè ni wọ́n ń kọ sí i lára, bẹ́ẹ̀ ìdí ló ń wá omi! Ọsàn kan náà, bó bá wà lórí ìdí rough lemon, irú ọsàn kíkan kan, gbòǹgbò rẹ̀ á jìn, á fara da ọ̀dá ju èyí tó wà lórí ìdí trifoliate, irú ọsàn kan tó jẹ́ ẹlẹ́wé mẹ́ta, lọ. Ká má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, adùn ọsàn orí rough lemon máa ń dín díẹ̀. Ẹni tó ń gbìn ló máa pinnu, àmọ́ ó yẹ kó mọ̀ kó tó sanwó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra ọ̀gbìn ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ fi abẹ ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bí gbòǹgbò ńlá bá ti kanlẹ̀ ọ̀rá, tó wá ká ara rẹ̀ bí okùn tí wọ́n wé, ẹ má ra ìyókù. Bó ṣe ń ká nínú ọ̀rá náà ló máa ṣe ká nínú kòtò, kò ní wá ìsàlẹ̀ lọ. Bí igi bá wá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì tàbí ìkẹta, ẹ̀yà ni wọ́n á dá lẹ́bi. Ọ̀gbìn kékeré tí gbòǹgbò rẹ̀ nà gbọnrangandan sàn ju èyí tó ga dé àyà lọ. Ní ti ber àti kajú, ó dára kéèyàn gbin kóró síbi tí igi máa dúró sí, kó tó wá so ẹ̀yà tó fẹ́ mọ́ ọn.

Kò sí ẹ̀yà tó lè dá dúró lọ́dún àkọ́kọ́. Ó tó ọdún 2 sí 3 tí ẹ fi máa bomi rin ín. Omi lítà 20 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ṣàǹfààní ju lítà 3 lójoojúmọ́ lọ, torí omi díẹ̀ kì í kọjá òkè ilẹ̀, gbòǹgbò á sì máa tẹ̀ lé e gòkè. Lórí ilẹ̀ iyanrìn, ẹ pín in sí lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì. Koríko gbígbẹ tí ẹ máa tẹ́ sí ìdí rẹ̀ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó sì jìnnà sí ara igi ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí èèpo má baà jẹrà.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń ta ọ̀gbìn ni pé kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sí ara ọ̀gbìn kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹ̀yà, orúkọ ìdí igi, àti oṣù tí èso rẹ̀ ń gbó.

Àwa olùtọ́jú ọ̀gbìn igi eléso