Ta ni yóò gba àjọ ìlera wa?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí mi létí nísọ̀, èyí tó ní kí ìjọba kó ọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìlera pátápátá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ òwò í ṣe. Òótọ́ pọ̀ nínú ohun tó ń bí i nínú. Ibi tó gbé ìbínú náà lọ ni mi ò lè bá a dé.

Gàrí ni mo ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo mọ òwò díẹ̀. Oníṣòwò kì í gbé igbá lọ síbi tí kò ti ní jèrè. Ta ni yóò jèrè lórí ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò mú? Ìjọba ló ń rán àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu, tí wọ́n á fi máákà kun èékánná rẹ̀ kí wọ́n má baà kán an lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde yìí ní 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé gírámà wa, ló gbájú mọ́ àjẹsára àti ìlera alábọ́ọ́dé nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera. Ní 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà, tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Kò sí ilé ìwòsàn aládàáni tó lè gbé irú ẹrù yẹn lórí.

Èmi náà ní ẹjọ́ tí mo lè rò o. Ìyàwó ọmọ mi rọbí lóru, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. Bébà kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ nà sí wa: òwú, ìbọ̀wọ́, abẹ́, bìlíìṣì. Lẹ́yìn náà, owó àsansílẹ̀. POS ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo tú etí aṣọ mi, owó tí mo fẹ́ fi gba ọjà lọ́jọ́ kejì ni mo ń kà lábẹ́ iná fóònù, ọmọ ènìyàn sì ń ké nínú lọ́hùn-ún. Nọ́ọ̀sì kan tí oorun ti pọ́n lójú kò dúró kí n kà á tán. Ó yọ ìbọ̀wọ́ nínú báàgì tirẹ̀, ó wọlé. Ọmọkùnrin la bí.

Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ni ọ̀gbẹ́ni yìí fẹ́ ká lé lọ? Owó tí mo ń kà lójú ọ̀nà ni kó bá mi lé. Nílé ìwòsàn aládàáni, owó yẹn náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, á kàn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ₦100 tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní ₦70 tó ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde.

Àwọn kan á ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n ń gbìyànjú, mo wà nínú ọ̀kan. A lè kun ilé ìwòsàn, a lè ra bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ tó san owó oṣù dókítà fún ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ jẹ́ gómìnà wa, láti 1979 sí 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà nínú ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, fi polongo. Ìyá mi máa ń sọ pé ìlà gùn, oògùn a sì máa tán. Nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká dá owó ìlera bí a ṣe ń dá àjọ: ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí ń dá fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Òfin 2022 ti sọ pé gbogbo wa gbọ́dọ̀ wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Mo bèèrè ní ìsọ̀ mẹ́tàlá tó wà nílà tiwa. Ẹnì kan péré ló ní káàdì, torí ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà ìjọba.

Ẹ máa ní wọ́n á jẹ owó náà. Ó ṣeé ṣe. Alájọ tó kówó sá lọ wà lọ́jà wa rí, a lé e títí, a ò tìtorí rẹ̀ pa àjọ tì. Alájọ Ṣómólú tí gbogbo ayé ń sọ pé orí rẹ̀ pé, ọmọ Ìjẹ̀bú kọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka ìṣirò owó náà sí wa létí níwájú ìyálọ́jà.

Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọjà mọ ìsọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò tíì tú àpò gàrí tán láàárọ̀ tí wọ́n á ti dé. Bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́la, kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù ìlera dání. Mo ti ń ju owó tèmi sínú kóńgò kan lábẹ́ tábìlì.

Èmi ni,
Ìyá Onígàrí,
Ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.