Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ilé Sígínà Rélùwéè Àtijọ́ àti Géètì Ojú Irin ní Kaduna

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Kaduna,
Nípasẹ̀ Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa.

Ọlọ́lá jùlọ,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE MÚ OLÙṢỌ́ GÉÈTÌ KÚRÒ KÍ GÉÈTÌ TUNTUN TÓ DÉ

Àwa ajórin, alágbẹ̀dẹ àti panẹ́bítà tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ní ọjà Panteka àti ní agbègbè ibùdókọ̀ rélùwéè tí gbogbo ìlú ń pè ní Junction, ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé, bí wọ́n bá ń fi ètò kọ̀ǹpútà rọ́pò àwọn ilé sígínà rélùwéè àtijọ́, kí wọ́n má ṣe mú ẹni tó ń ṣọ́ géètì ibi tí títì ti dá ojú irin kọjá kúrò kí géètì tuntun tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ẹ̀dà tí ó lọ sí ọ́fíìsì yín. Èyí tí a fi Yorùbá kọ wà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti fún àwọn àgbà Yorùbá ìlú yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò mọ ohun tí òun tọwọ́ bọ̀.

Ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ìhín. Irin tí wọ́n tẹ́ láti Baro dé Kano ní 1911, ti Èkó sì wá pàdé rẹ̀ ní Minna. Nígbà tí èyí tó ń bọ̀ láti Port Harcourt tún wá darapọ̀ mọ́ ọn níhìn-ín ní àwọn ọdún 1920, Kaduna di oríta, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ Junction ti wá. Níbi tí ọ̀nà bá ti pàdé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Iṣẹ́ ilé sígínà nìyẹn, ilé gíga onífèrèsé tí òṣìṣẹ́ rélùwéè ń dúró sí, tí ó ń fa àwọn ọwọ́ irin gígùn kí ibi tí irin ti yà lè yí sí ọ̀nà tó yẹ, kí apá àmì tó wà lórí òpó sì sọ fún awakọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Bí apá náà bá nà gbọnrangandan, kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un.

A kò kọ ìwé yìí láti tàbùkù ilé bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí John Saxby ti gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní England ní 1856 ni wọ́n ti ń fi irin de irin lábẹ́ ilẹ̀ ilé sígínà, débi pé ọwọ́ àmì kò ní ṣeé fà àyàfi tí ibi tí irin ti yà bá ti wà bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti lu irin rí yóò kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n irin ń jẹ, wáyà náà sì ń na. Wáyà tí wọ́n fi ń fa apá àmì lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kọjá láti ilé sígínà dé ìdí òpó. Nínú oòrùn oṣù Kẹta á gùn sí i, ní àárọ̀ ọyẹ́ á sún kì, òṣìṣẹ́ sì ní láti máa fún un tàbí kó máa dẹ̀ ẹ́ kí apá náà má baà dúró ní agbedeméjì, níbi tí awakọ̀ kò ti ní mọ èwo ni kí òun ṣe. Ẹ tún wo ihò tí píìnì ń wọ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́ irin, níbi tí ọ̀pá kan ti ń yí agbára padà fún èkejì. Róbótó ló yẹ kó rí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀ á ti fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi rí bí ẹyin. Nígbà náà, onísígínà á fa ọwọ́ irin dé òpin, irin tó yà lọ́hùn-ún kò sì ní lọ dé òpin tirẹ̀, àlàfo díẹ̀ níbẹ̀ sì ti tó láti gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ gba ibi tí kò yẹ. Ẹnìkan lè sọ pé kí ajórin wá fi iná kún ihò náà kó tún gún un. A lè ṣe é, ṣùgbọ́n irin tí a jó bẹ́ẹ̀, tí kò sí ẹni tó fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò, kò yẹ kí ọkọ̀ tó kó èèyàn gun orí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fara mọ́ ètò òde òní, nínú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà darí àmì àti ibi tí irin ti yà ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Ní Ohio ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ní 1927, lórí nǹkan bí 40 máìlì ojú irin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò tí Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ojú irin níbẹ̀, gbé jáde ní 2011 ni pé kí iṣẹ́ ilé sígínà tó lé ní 800 di ti gbọ̀ngàn ńlá mélòó kan, díẹ̀díẹ̀. Àwa náà sì ní àpẹẹrẹ nítòsí: lórí ojú irin tuntun láti Idu ní Abuja dé Rigasa ní Kaduna níhìn-ín, kìlómítà 186.5, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 2016, kò sí ẹni tó ń fa wáyà láti ojú fèrèsé.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ pọ̀ jù lórí ojú irin ẹyọ kan, irú tiwa níhìn-ín, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Àṣà àtijọ́ ni pé kí wọ́n fi ohun àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní tọ́kìnì lé awakọ̀ lọ́wọ́ kó tó wọ agbègbè tó kàn, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè gba òmíràn fún agbègbè yẹn títí tọ́kìnì náà yóò fi padà. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e kiri. Ní Abermule ní ilẹ̀ Wales, ní 26 Oṣù Kìn-ín-ní 1921, tọ́kìnì tí awakọ̀ kan mú wọlé ni wọ́n tún dá padà fún un, òun náà kò sì wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára kó tó máa lọ. Ọkọ̀ méjì forí gbárí, èèyàn 17 sì kú. Nínú ètò tuntun, ẹ̀rọ tó wà lára irin fúnra rẹ̀ ló ń ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí ó ti ń wọlé àti bí ó ti ń jáde, bí iye tó jáde kò bá sì bá èyí tó wọlé mu, àmì yóò dúró ní pupa.

Ọlọ́lá jùlọ, ibi tí ọkàn wa kò ti balẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kì í ka kẹ̀kẹ́ NAPEP. Ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn lọ́nà jíjìn yóò rí i pé ọ̀nà ọkọ̀ mọ́, kò ní rí màlúù tó dúró láàárín irin, tàbí ìyá tó gbé igbá sórí tó sì ń fa ọmọ lọ́wọ́. Níbi tí títì bá ti gba orí ojú irin kọjá nítòsí ilé sígínà, onísígínà àtijọ́ kì í ṣe olùdarí ọkọ̀ nìkan. Ojú rẹ̀ wà lára géètì, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó fẹ́ sáré kọjá, ó sì lè dá àmì dúró bí ohun kan bá há sórí irin. Bí wọ́n bá ti ilé rẹ̀ pa, tí wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn, iṣẹ́ kejì yìí kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan àyàfi tí wọ́n bá dìídì fi síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nítorí pé ọkọ̀ tó ń gba ojú irin àtijọ́ yìí ti dín kù gidigidi sí ti ìgbà àwọn bàbá wa. Ọmọ tí a bí ní ogún ọdún sí ìsinsìnyí kò kọ́ láti wo ọ̀tún wo òsì kó tó kọjá. Àwọn kan ń sá aṣọ sórí irin, àwọn kan ń pàtẹ lé e. Bẹ́ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ sígínà ni kí ọkọ̀ lè pọ̀ kó sì lè sáré. Iṣẹ́ ojú irin tuntun láti Kaduna dé Kano, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Keje 2021, fi hàn pé ọjọ́ náà kò jìnnà, ìdí nìyí tí a kò fi dúró dìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò dé kí a tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Ìjọba Ìbílẹ̀ kọ̀wé sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ àti sí ilé iṣẹ́ rélùwéè pé, ní gbogbo ibi tí títì ti dá ojú irin kọjá ní agbègbè yín, wọn kò gbọdọ̀ ti ilé sígínà pa títí géètì tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n yóò sì dán an wò ní ojú aráàlú. Irú géètì tí a ń sọ ni èyí tó so mọ́ àmì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá tíì padé, àmì kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé, pẹ̀lú iná pupa àti agogo, kámẹ́rà tí ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn lè fi wo ojú títì, àti iná oòrùn tó ní bátìrì tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé iná NEPA lórí. Títí tí gbogbo èyí yóò fi pé, kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà níbẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Láti ìgbà àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ní oṣù Kẹta 2023, ọ̀rọ̀ rélùwéè kì í ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan mọ́, Ìpínlẹ̀ náà ti ní ẹnu níbẹ̀. Ti títì, gọ́tà àti ọjà, ọwọ́ yín ló wà ní tààrà: ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ìdíwọ́ eré sí ojú títì kó tó kan irin, kí ẹ sì gbé pátákó ìkìlọ̀ tí a fi Hausa kọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà kò ṣeé fò. Wáyà kọ́pà ló ń gbé púpọ̀ nínú ètò tuntun, gbogbo wa sì mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí kọ́pà tí a tẹ́ sílẹ̀ láì ní olùṣọ́. Bí wọ́n bá gé e, àmì á di pupa, ọkọ̀ á dúró sínú igbó, a kò sì nílò láti sọ fún ẹnikẹ́ni ní Kaduna ohun tó lè ti ẹ̀yìn ìyẹn yọ. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá ká wáyà sígínà tàbí irin rélùwéè mọ́ lọ́wọ́ yóò pàdánù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa nìkan kọ́ là ń ra irin. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ forúkọ àwọn oníṣòwò irin àlòkù tí a ń pè ní jari bola sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ẹni tó ta kọ́pà fún wọn sínú ìwé.

A mọ̀ pé díẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti sún mọ́ irin jù. A ṣetán láti sún sẹ́yìn, bí ẹ bá wọn ilẹ̀ náà níṣojú wa, tí ẹ fún wa ní àkọsílẹ̀ ibi tí a ó kó lọ, tí ẹ kò sì fi katakata jí wa lóru. A kò sì fi pamọ́ pé a ń wá iṣẹ́: òpó géètì, ọgbà irin àti àpótí tí bátìrì yóò wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó ti òkè òkun wá. Ohun tí a kò lè ṣe ni ẹ̀rọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ wa lè kọ́ ìtọ́jú rẹ̀ bí ẹ bá fi sínú àdéhùn.

Ní ti ilé sígínà tí wọ́n bá tì pa, a bẹ̀ yín kí wọ́n má ṣe ta gbogbo ọwọ́ irin inú wọn fún ẹni tó ń yọ́ irin. Ní 2013, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dáàbò bo 26 nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan péré ni àwa ń tọrọ ní Kaduna, kí àwọn ọmọ ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ lè fọwọ́ kan án.

A ṣetán láti wá síwájú yín ní ọjọ́ tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, yàtọ̀ sí ọ̀sán Jímọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ó fẹ́ kí ẹnjiníà ìjọba ìbílẹ̀ bá wa rin ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti Junction dé òpin agbègbè yín, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi ìkọjá kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ èyí tí kò ní géètì rárá sílẹ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.