Láti pápákọ̀ òfuurufú Changi ní Singapore dé JFK ní New York

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. O ní o fi rúlà wọn ọ̀nà láti Singapore dé New York lórí máàpù ara ògiri, o sì rí i pé orí òkun Pàsífíìkì ni bàálù máa gbà tààrà. Ju rúlà yẹn nù jàre! Máàpù tẹ́ pẹrẹsẹ, ayé kò tẹ́. Wá máàpù tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, kí o na okùn láti ìlú kan dé èkejì, kí o fà á le dáadáa. Wàá rí i pé ẹ̀gbẹ́ góńgó àríwá ayé lókùn náà máa gbà. Ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn, ó sì tó nǹkan bí 15,300 kìlómítà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta òbírí ayé lọ.

Bàálù ń sá bí 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí o bá pín in, wákàtí 17 ló máa bọ́ sí, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì á ní ó lé ní 18. Bàálù á kọ́kọ́ rọra yí lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, kò sì sí awakọ̀ òfuurufú tó ń tẹ̀ lé okùn tìrẹ yẹn. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń wá. Lókè lọ́hùn-ún, ní bíi kìlómítà 10 sókè, ẹ̀fúùfù líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Tó bá wà lẹ́yìn bàálù, á máa tì í lọ. Tí wọ́n bá kojú ara wọn, wàhálà dé. Ní oṣù kejì ọdún 2020, bàálù kan gbéra ní New York, kò sì lò tó wákàtí márùn-ún tó fi dé London, ìrìn tó sábà máa ń gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ.

Nítorí náà, orí Pàsífíìkì yẹn náà ni wọ́n lè gbé ọ gbà o! Ṣùgbọ́n torí ẹ̀fúùfù ni, kì í ṣe torí pé ọ̀nà náà kúrú.

Ti aago ló máa rú ọ lójú jù. Lásìkò ooru, aago Singapore fi wákàtí 12 ṣíwájú ti New York níbí. Lásìkò òtútù, 13 ni. Tí o bá gbéra níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà ooru, nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lo máa bá wa níbí. Nígbà tí o bá ń padà, wàá wọ bàálù ní aago mẹ́wàá alẹ́ Mọ́ńdè, ó di ìdájí Wẹ́sìdé kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Túsìdé á ti bá ọ̀nà lọ. Kálẹ́ńdà lè máa ṣeré, ara ò ní gbàgbé wákàtí kan níbẹ̀, torí náà máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, má sì fi omi mímu ṣeré.

Tí o bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kọ ọjọ́ àti aago tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, má bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi ni mo máa wá pàdé rẹ ní JFK.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́