Fóònù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì: ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀ta

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa áàpù ṣẹ́ẹ̀sì orí fóònù tó na ètò àtijọ́ orí kọ̀ǹpútà ní 6 sí 4 dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ayò mẹ́wàá kò tó láti pe ọ̀kan ní ọ̀ta ká pe ìkejì ní òpè. Bí àwọn méjèèjì bá tiẹ̀ dọ́gba délẹ̀, 6 sí 4 lè wáyé wẹ́rẹ́. Kódà bí ayò bá pé 100, ìyàtọ̀ tí kò ju 50 Elo (òṣùwọ̀n agbára ẹni tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì) lọ ṣì lè jẹ́ oríire lásán.

Ẹ̀rọ la tiẹ̀ ń dán wò ni, àbí ọgbọ́n inú ètò? Nígbà tí Deep Blue, kọ̀ǹpútà ṣẹ́ẹ̀sì ti IBM, borí Garry Kasparov, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ní 1997, ó ń yẹ nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ipò (bí ọmọ ayò ṣe tò sórí pátákó) wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 2009, áàpù ṣẹ́ẹ̀sì Pocket Fritz 4, tó ń fi ètò tí wọ́n ń pè ní Hiarcs ronú, gba 9.5 nínú 10 ní ìdíje Copa Mercosur ní Buenos Aires, lórí fóònù tí kò lè yẹ ipò 20,000 wò láàárín àkókò kan náà. Wọn kò pàdé rí, n kò sì sọ pé fóònù yẹn yóò na Deep Blue. Àmọ́ ètò tó mọ ibi tí kò yẹ kó fi àsìkò ṣòfò sí lè fi ẹ̀rọ kékeré ṣe bẹbẹ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọgbọ́n là ń wá, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ká kó àwọn méjèèjì sí. Bí àpẹẹrẹ, ètò ṣẹ́ẹ̀sì Stockfish tó wà lórí fóònù wà fún kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹ fi Threads (iye ọ̀nà tí ètò ń gbà ronú lẹ́ẹ̀kan náà) sí 1, torí ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kò lè lò ju ìyẹn lọ. Kí Hash (àyè ìrántí tí ètò ń fi ipò tó ti yẹ̀ wò pamọ́ sí) dọ́gba, bíi 64 MB, bí ti àtijọ́ bá gbà á. Kí ẹ sì pa Ponder (ríronú lásìkò tí ẹnìkejì kàn), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò kàn yóò máa jẹ nínú agbára ẹni tó kàn. Ètò ayé DOS, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, yóò nílò DOSBox, áàpù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà DOS, èyí tó lè fà á sẹ́yìn gan-an.

Ẹ pa ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ayò (àkójọ ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí ètò ti há sórí) ti ìhà méjèèjì. Ẹ yan ipò ìbẹ̀rẹ̀ 50, kí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n pààrọ̀ funfun àti dúdú. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ètò kan yóò máa tún ayò kan náà ta.

Bó bá jẹ́ fóònù gan-an lẹ fẹ́ dán wò, ooru ni ọ̀tá. Ẹ wo iye ipò tó ń yẹ̀ wò níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù, fóònù tó bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń parí ayò. Ẹ gba iná sí i kó kún ṣáájú, torí gbígba iná lásìkò ìdíje ń dá kún ooru. Ẹ pa ètò ìṣọ́ bátìrì, ẹ má sì jẹ́ kí ojú fóònù ṣókùnkùn: Android lè dá áàpù dúró, kí aago sì máa lọ láìronú.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń gbé ìgbésẹ̀ láti ẹ̀rọ kan sí ìkejì, ẹ lo ìṣẹ́jú-àáyá 30 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dípò aago, torí ọwọ́ ènìyàn ń jẹ àsìkò. Àwọn ètò àtijọ́ kan ka ìyẹn sí ìpíndọ́gba, wọn a lo 50 níbìkan, 10 níbòmíràn. Bí ẹ bá to ipò fúnra yín, ẹ rí i dájú pé ẹ̀tọ́ ọba láti ṣe castling (ìgbésẹ̀ tí ọba àti ilé-ìṣọ́ jọ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà) wà bó ṣe yẹ, kí ẹ sì rántí pé ètò náà kò mọ ìgbésẹ̀ tó ti kọjá. Ó lè tún ipò kan ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, kó sọ ayò tó ti ń jẹ di ọ̀mì.

Nígbà míì tí ẹ bá gbé èsì jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ irú fóònù, Threads, Hash, àsìkò àti ipò ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi PGN (fáìlì àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀) àwọn ayò náà síta kí àwa náà lè tún wọn ta.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan